Kéèkì eléròjà olóòórùn tí àárín rẹ̀ ń rì, tí áísìn ọsàn rẹ̀ sì ń ṣàn dànù

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ràn kéèkì gígùn tí wọ́n fi sínámọ́nì, ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sí, tí wọ́n wá da áísìn ọsàn lé lórí. Tèmi kì í rí bó ṣe yẹ. Nínú ààrò, á wú dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó tutù tán, àárín rẹ̀ á ti rì. Mo fi ìlọ́po méjì èròjà sí i kí òórùn rẹ̀ lè jáde, kíkorò ló kàn ń korò. Áísìn náà á ṣàn kúrò lórí rẹ̀, á lọ kó sídìí àwo, ibi tó sì kù lórí kéèkì á rin gbindin. Ìlànà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti tẹ̀ lé, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Mo fẹ́ ṣe é fún àlejò. Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo sì lè yan án sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó jẹ́ kí n tètè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀: pé ìlànà mẹ́ta ló já síbì kan náà. Bí ìlànà mẹ́ta bá fún èèyàn ní àbùkù kan náà, ó ṣòro kó jẹ́ ìwé ló ní àbùkù. Ooru ni mo fura sí. Ibi mẹ́ta ni ooru ti ń ba kéèkì yìí jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́: nínú bọ́tà kí ṣúgà tó kàn án, nínú ààrò, àti nínú kéèkì fúnra rẹ̀ lásìkò tí ẹ ń da áísìn lé e. Bí ẹ bá kápá ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èyíkéyìí nínú ìlànà yẹn lè fún yín ní kéèkì tó dára. Ti kíkorò nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, màá dé orí rẹ̀.

Kí èmi àti ẹ̀yin lè máa sọ̀rọ̀ lórí kéèkì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí n fi òṣùwọ̀n tí mo fọkàn tán lélẹ̀. Fún páànù búrẹ́dì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, tó fẹ̀ tó 13, tó sì jìn tó 7, mo máa ń lo fúláwà gíráàmù 225, bọ́tà gíráàmù 175, ṣúgà pupa gíráàmù 175, ẹyin ńlá 3, mílíìkì mílílítà 75, bẹ́kìn páúdà ṣíbí ìmutíì 2 tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì bí bọ́tà náà kò bá ní iyọ̀ nínú. Ní ti èròjà olóòórùn, sínámọ́nì lílọ̀ ṣíbí ìmutíì 2, ata ilẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí 1 àbọ̀, nọ́tímẹ́gì ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí, kànáfùrù ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí péré. Mo tún máa ń rin èèpo ọsàn kan sí i. Ṣúgà áísìn gíráàmù 150 àti omi ọsàn tí kò ju mílílítà 30 lọ ló tó fún orí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, ẹ má fi ife wọn fúláwà. Ife kan tí èèyàn rọra fi ṣíbí bu fúláwà sí lè jẹ́ gíráàmù 120. Bí ẹ bá ti ife náà bọ inú àpò, tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè lé ní 150. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan tó láti sọ kéèkì tó rọ̀ di èyí tó ń hán lọ́fun.

Bọ́tà ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èèyàn kì í fura sí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bẹ́kìn páúdà ló ń dá ihò atẹ́gùn sínú kéèkì. Kì í dá ihò, èyí tó bá bá nílẹ̀ ló ń fẹ̀. Ṣúgà ló ń dá a. Bí ẹ bá ń lu ṣúgà mọ́ bọ́tà, ẹnu mímú tó wà lára hóró ṣúgà ń ya bọ́tà ní wínníwínní, atẹ́gùn ń wọ ibi tó ya, bọ́tà á sì pa á mọ́ síbẹ̀. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lágbára láti pa atẹ́gùn mọ́. Èyí tó le koránkorán kò sì ní gbà kí hóró ṣúgà ya òun. Ìwọ̀n ooru tó bá a mu wà láàárín 18 sí 21°C. Bí ẹ kò bá ní tẹ̀mómítà, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: kí ìka yín wọlé láìjà, kí ojú ibi tó tẹ̀ dúró síbẹ̀, kí ara bọ́tà má dán, kí òróró má sì yọ̀ lọ́wọ́ yín. Bọ́tà tó bá ti ń dán ti kọjá ibi tí à ń wí. Ẹ dá a padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún un dán wò.

Ẹ wá lù ú mọ́ ṣúgà, ìṣẹ́jú 3 sí 5 pẹ̀lú míkísà tí kò sáré jù. Dípò aago, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á pupa, á wúwo, á máa fà tẹ̀lé irin míkísà ní odindi. Tó bá yá, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á fúyẹ́, á fẹ̀ kọjá iye tó wà tẹ́lẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ etí abọ́ yíká. Bí ẹ bá fi ìka méjì pa díẹ̀ nínú rẹ̀, hóró ṣúgà yóò ṣì wà, àmọ́ kò ní gún yín lọ́wọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Míkísà tó ń ṣiṣẹ́ ń mú ooru jáde, ooru náà á sì yọ́ bọ́tà tí ẹ fi sùúrù mú wá sójú ìwọ̀n. Atẹ́gùn tó bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ náà sì wà lára ohun tó ń mú kéèkì wú sókè gàgàrà, kó tún wálẹ̀.

Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fíríìjì jáde máa ń mú bọ́tà dì lójijì. Àpòpọ̀ náà á já, omi á lọ lọ́tọ̀, ọ̀rá á lọ lọ́tọ̀, atẹ́gùn tí ẹ kó jọ á sì sá lọ. Ẹ kó ẹyin náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó máa fọ́ ọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí èyí tó wà nínú rẹ̀ wọra tán kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì fẹ́ já, ẹ fi ṣíbí fúláwà kan sí i, á tún ara rẹ̀ mú. Kí mílíìkì náà má ṣe tutù.

Bí fúláwà bá ti wọlé, ẹ gbé míkísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fúláwà tó bá pàdé omi, tí wọ́n tún ń rò ó kíkankíkan, gílútẹ́nì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fà nínú fúláwà, á yi, kéèkì á sì fà bíi búrẹ́dì. Ẹ fi kọ̀nkọ̀sọ̀ ku fúláwà pẹ̀lú bẹ́kìn páúdà àti iyọ̀, ẹ dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí mílíìkì wà láàárín wọn, kí ẹ fi ṣíbí pẹrẹsẹ máa gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbàrà tí ẹ kò bá rí fúláwà funfun mọ́, ó tó.

Ẹ má jẹ́ kí àpòpọ̀ náà dúró lórí tábìlì lẹ́yìn ìyẹn. Bẹ́kìn páúdà tó wọ́pọ̀ lóde òní máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí omi bá kàn án àti nígbà tí iná bá kàn án. Tí ẹ bá fi àpòpọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń wá bébà tí ẹ máa tẹ́ sínú páànù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ti ń ṣòfò. Ẹ tẹ́ bébà sínú páànù, kí ẹ sì tan ààrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tà rárá. Kí àpòpọ̀ náà má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta jíjìn páànù, torí èyí tó bá kún jù yóò wú kọjá etí, kò sì ní rí ohun tó máa gbé e dúró.

A ti dé inú ààrò, ibi tí mo gbà pé kéèkì yín ti ń rì.

Páànù búrẹ́dì jìn, ó sì há. Ẹ̀gbẹ́ àti ìdí páànù ni ooru ti ń wọlé, kó tó rọra rìn dé àárín. Etí kéèkì á ti jinná, orí rẹ̀ á ti pọ́n, òórùn rẹ̀ á ti gba ilé kan, síbẹ̀ àárín ṣì jẹ́ omi. Nínú àárín yẹn, ihò atẹ́gùn ń fẹ̀ lọ, àmọ́ ògiri tó yí wọn ká kò tíì le. Ẹyin àti sítáàṣì inú fúláwà ló ń di ògiri náà, wọn kì í sì í le àfi bí ooru bá dé ọ̀dọ̀ wọn tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá gbé e jáde kí wọ́n tó le, tàbí tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ààrò tí atẹ́gùn tútù wọlé, ohun tó wà nínú ihò wọ̀nyẹn á sún kì, ògiri á sì wó. Bó ṣe ń wú dáadáa tó sì ń rì kó tó tutù nìyẹn.

Ẹ gé èyí tó bá rì sí méjì láàárín, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ̀bẹ là. Bí ẹ bá rí ìlà kan lábẹ́ ibi tó rì, tó ki, tó ń dán, tó tutù lọ́wọ́, a jẹ́ pé kò jinná. Ṣùgbọ́n bí gbogbo inú rẹ̀ bá gbẹ, tó jinná, tí ihò ńláńlá wá kún inú rẹ̀, bẹ́kìn páúdà ló pọ̀ jù, tàbí ẹ lu bọ́tà kọjá ààlà. Bẹ́kìn páúdà tó pọ̀ jù máa ń fẹ ihò títí ihò méjì á fi wọnú ara wọn, wọ́n á gòkè, wọ́n á bẹ́, ilé á sì dà wó. (Ẹni tó ń gbé lórí òkè gíga, níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, ní láti dín bẹ́kìn páúdà kù ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ.) Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé tiyín, ti àkọ́kọ́ ni mo fọkàn sí jù.

Ẹ má gba nọ́ńbà tó wà lára ààrò gbọ́ títí ẹ ó fi dán an wò. Ọ̀pọ̀ ààrò ló ń fi ìwọ̀n dígírì 10 tàbí 20 yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i, ooru wọn sì máa ń lọ sókè sódò bí wọ́n ṣe ń tan ara wọn tí wọ́n ń pa ara wọn. Tẹ̀mómítà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ inú ààrò ni ohun èlò kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ rà nítorí kéèkì yìí. Ẹ tan ààrò sí 180°C fún ìṣẹ́jú 20 kí kéèkì tó wọlé, tàbí 160°C bó bá jẹ́ ààrò tó ní fáànù. Ẹ gbé páànù sí àgbékà àárín. Páànù dúdú máa ń fa ooru ju èyí tó ń dán lọ. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ dín iná kù ní dígírì 10.

Ìṣẹ́jú 50 sí 60 ló máa ń gbà. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rárá kó tó pé ìṣẹ́jú 40. Bí orí rẹ̀ bá ń pọ́n jù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fọ́ìlì bò ó lérèfé, kí ẹ sì tètè pa ilẹ̀kùn dé. Orí rẹ̀ á là gbàrágàdà láàárín. Ẹ má bínú sí i. Èèpo orí ló kọ́kọ́ le, tí àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú wá ń ti i. Bẹ́ẹ̀ ni kéèkì páànù gígùn ṣe ń rí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀là yẹn gan-an torí inú rẹ̀ ni áísìn ti ń rí ibi dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ kó là gbọọrọ, ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti bọ bọ́tà yíyọ́ fa ìlà sí orí rẹ̀ láti òpin dé òpin kó tó wọ ààrò.

Ibi tí ẹ bá gún ṣe pàtàkì bí ẹ bá ń wò ó bóyá ó ti jinná. Inú ẹ̀là gan-an ni kí ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀, kó wọlé dé nǹkan bí ìka méjì sí ìdí páànù, torí ibẹ̀ ló ń jinná kẹ́yìn. Kó jáde pẹ̀lú èérún kéèkì díẹ̀ lára rẹ̀, kó má ní ohun tó ń fà. Bó bá jẹ́ tẹ̀mómítà lẹ fi gún un, 96 sí 98°C ni kí ẹ máa retí. Ọ̀nà kẹta wà tí èmi kì í fi ṣeré: ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Kéèkì tí kò tíì jinná ń pariwo. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta wínní-wínní, omi inú rẹ̀ ló ṣì ń hó. Bí ariwo náà bá lọ sílẹ̀ tó kù díẹ̀díẹ̀, tí etí kéèkì sì ti ń fà kúrò lára páànù, ó ti tó gbé jáde. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ó ti fẹ́ máa gbẹ.

Ẹ jẹ́ kó wà nínú páànù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ wá gbé e sórí àtẹ irin oníhò. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú páànù, oru rẹ̀ á padà di omi, ìdí rẹ̀ á sì rin.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kíkorò. Ẹ fi ìlọ́po méjì gbogbo èròjà sí i, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ lè fi sínámọ́nì kún sínámọ́nì kí kéèkì ṣì dùn. Ata ilẹ̀ náà ń gba àfikún, títa ni yóò kàn máa ta sí i. Kànáfùrù kì í gbà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ eugenol lágbára débi pé àwọn oníṣègùn eyín ti ń fi mú kí eyín tó ń dunni kú tipiri. Bí ó bá ti lé díẹ̀, ahọ́n á kú, kíkorò á sì bo gbogbo èyí tó kù. Nọ́tímẹ́gì náà máa ń korò bó bá pọ̀. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí òórùn pọ̀ sí i, sínámọ́nì ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ fi kànáfùrù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kíkorò tún lè wá láti ibi méjì mìíràn. Bí ìlànà yín bá ní bẹ́kìn sódà nínú, tí kò sí ohun kíkan tó lè bá a jà nínú àpòpọ̀ náà, bíi wàrà kíkan tàbí omi ọsàn, sódà tó kù á fún kéèkì ní ìtọ́wò ọṣẹ. Èkejì ni awọ funfun tó wà lábẹ́ èèpo ọsàn. Òróró tó ń ta sánsán wà nínú awọ tó ní àwọ̀ nìkan, níta pátápátá. Funfun abẹ́ rẹ̀ korò, kò sì ní òórùn kankan tí a ń wá. Bí ẹ bá ń rin ọsàn, ẹ rin ín lẹ́ẹ̀kan lójú kan, kí ẹ yí i síwájú. Kí ẹ rin ín kí ẹ tó fún un, torí ọsàn tí wọ́n ti fún kò ṣeé rin mọ́. Kí ẹ sì kọ́kọ́ fi omi gbóná fọ̀ ọ́, nítorí wọ́n sábà máa ń fi ìda pa ara ọsàn tí wọ́n ń tà.

Ní ti òórùn tí kò jáde, ibi tí ẹ fi èròjà sí ni kí a yẹ̀ wò, kí a tó sọ̀rọ̀ iye rẹ̀. Inú òróró wọn ni òórùn wọn wà, òróró yẹn kì í sì í bá omi rẹ́. Ọ̀rá ló ń bá rẹ́. Ẹni tó bá da sínámọ́nì sínú fúláwà gbígbẹ ti fi í síbi tí kò ti rí ọ̀rẹ́. Ẹ yọ gíráàmù 25 nínú bọ́tà yín, ẹ yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ da gbogbo èròjà lílọ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ dúdú. Gbàrà tí òórùn rẹ̀ bá ti gbéra tó kàn yín nímú láti ibi tí ẹ dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kó tutù, kó tún dì padà, kí ẹ tó pò ó mọ́ bọ́tà tó kù, torí bí ẹ bá dà á sí i ní gbígbóná, ọ̀rọ̀ 18 sí 21°C tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí àkókò kò bá sí, ẹ kàn lu èròjà náà mọ́ bọ́tà àti ṣúgà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà sàn ju inú fúláwà lọ. Èèpo ọsàn ní tirẹ̀, ẹ fi ọmọ ìka pa á mọ́ ṣúgà kí ẹ tó lo ṣúgà náà, títí ṣúgà á fi rin díẹ̀ tí á sì máa ta sánsán.

Ẹ tún ṣí ìgò èròjà yín, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lọ̀, tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná fún ìgbà pípẹ́, òórùn rẹ̀ ti fò lọ. Kíkorò tó wà nínú rẹ̀ kì í bá òórùn lọ. Bí ẹ bá wá di ìlọ́po méjì irú rẹ̀ sínú kéèkì, ìlọ́po méjì kíkorò lẹ máa rí. Nọ́tímẹ́gì tí ẹ bá rin fúnra yín lójú ẹsẹ̀ ju lílọ̀ lọ fíìfíì. Ata ilẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ ní gbígbẹ nínú kéèkì yìí, torí gbígbẹ ń yí ohun tó ń ta nínú rẹ̀ padà sí èyí tó ta jù, omi tútù rẹ̀ kò sì ní da òṣùwọ̀n yín rú.

Áísìn yín wá kù. Apá kan ìṣòro rẹ̀ ti yanjú lọ́hùn-ún, nítorí kéèkì tí àárín rẹ̀ rì ń kó áísìn jọ sínú kòtò rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa rin. Èyí tó kù, ooru àti omi ni. Ṣúgà áísìn fẹ́lẹ́ débi pé omi díẹ̀ báyìí ń yọ́ ọ. Bí kéèkì bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ooru rẹ̀ á sọ áísìn di omi ṣúgà, oru tó ń jáde lára rẹ̀ á tún fi omi kún un láti ìsàlẹ̀. Díẹ̀ á wọnú kéèkì, ìyókù á ṣàn lọ sínú àwo. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí méjì. Orí kéèkì máa ń tètè tutù, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí náà ẹ gbé e sókè, kí ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Bí ìdí bá tutù ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá.

Mo rò pé ohun méjì lẹ tún dà pọ̀. Irú kéèkì kan wà tí wọ́n ń da omi ọsàn àti ṣúgà oníhóró sí ní gbígbóná, kó lè wọ inú rẹ̀ lọ, kí hóró ṣúgà sì dúró lórí rẹ̀ tó ń rún wómúwómú. Ìyẹn ń fẹ́ kéèkì gbígbóná. Áísìn tó funfun, tó dúró lókè, kéèkì tútù ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, ẹ ṣe é ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún kéèkì gbígbóná káàkiri, ẹ fi omi ọsàn ṣíbí ìjẹun 3 tí ẹ ti yọ́ ṣúgà ṣíbí ìjẹun 2 sínú rẹ̀ pa orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátá, kí ẹ tó wá da áísìn lé e. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn.

Ẹ fi kọ̀nkọ̀sọ̀ ku ṣúgà áísìn náà, ẹ má fò ó, kókó rẹ̀ kì í yọ́. Omi ọsàn ni kí ẹ máa fi ṣíbí ìmutíì kán sí i, kí ẹ máa rò ó lẹ́yìn ìkánsí kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí 4 àkọ́kọ́ á dà bíi pé kò tó, á le, á gbẹ. Ẹ máa bá a lọ. Ní ṣíbí karùn-ún, á di ọ̀kan lójijì, bó bá sì kọjá ìyẹn díẹ̀, á ṣàn. Ohun tí à ń wá nípọn bí oyin. Ẹ fi ṣíbí gbé e sókè, kó sọ̀ kalẹ̀ bí okùn, kí okùn náà dúró lójú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó rì. Bó bá ti ki jù, ìkán omi kan. Bó bá ti ṣàn jù, ṣíbí ṣúgà kan.

Omi ọsàn nìkan máa ń jẹ́ kí áísìn dùn jù, torí kíkan rẹ̀ kéré. Lẹ́mọ́nì kan jù ú lọ dáadáa, kíkan yẹn ló sì ń gé adùn ṣúgà tó ń jẹ́ kí sínámọ́nì àti ata ilẹ̀ ríbi yọ. Èèpo ọsàn àti omi lẹ́mọ́nì ni mo máa ń pa pọ̀, èyí ọsàn fún òórùn, èyí lẹ́mọ́nì fún kíkan. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára, ó kan korò díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu, kì í sì í bá kànáfùrù ṣọ̀rẹ́ tó bí ti lẹ́mọ́nì. Ẹ má se omi èso náà kó tó wọ inú áísìn. Iná á lé òórùn rẹ̀ lọ, kíkan lásán á kù sílẹ̀.

Àárín orí kéèkì ni kí ẹ ti dà á, láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í dé etí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ rin èèpo ọsàn díẹ̀ lé e nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, ojú rẹ̀ á gbẹ, á sì le díẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bí ojú ọjọ́ bá ní omi púpọ̀, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí ṣúgà ń fa omi láti inú atẹ́gùn.

Ẹ bi mí bóyá ẹ lè yan án ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tilẹ̀ sàn fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan án, òórùn èròjà kì í tíì parapọ̀, kànáfùrù á máa dá sọ̀rọ̀, ata ilẹ̀ á máa dá ta. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti wọra wọn. Bó bá ti tutù pátá, ẹ fi bébà wé e, kí ẹ tún fi fọ́ìlì wé e lé e, kí ẹ gbé e síbi tó tutù lórí àgbékà. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì: òtútù ibẹ̀ ń mú kí sítáàṣì inú kéèkì tètè le, á gbẹ lẹ́nu ju èyí tó wà níta lọ. Bó bá máa ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ mú un lọ sínú fíríísà dípò rẹ̀, láìní áísìn, ó lè lo oṣù méjì níbẹ̀.

Áísìn ní tirẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ni kí ẹ dà á. Bí ẹ bá dà á sórí rẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú tí ẹ wá wé e pa, á máa ṣomi lábẹ́ ohun tí ẹ fi wé e. Lásìkò gígé, ọ̀bẹ eléyín ni kí ẹ lò, kí ẹ tì í bọ omi gbóná, kí ẹ nù ún gbẹ ṣáájú ègé kọ̀ọ̀kan, kí áísìn má bàa fọ́.